Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tí O Sọ Nípa Ọkọ Rẹ Nídìí Oúnjẹ

Makera, Kàdúná.
Àárọ̀ Àlàmísì.

Àdùkẹ́ mi, àkọ́bí mi,

Mo kí ọ, mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ni wàá kọ́kọ́ rín nígbà tí Màlámù Sání bá fa lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́ nínú ọgbà ilé-ìwé yín ní Malali. Wàá ní, "Baba ti tún dé! Láti Makera sí ilé wa ní Mando, wọ́n ń kọ lẹ́tà." Òótọ́ ni, bọ́ọ̀sì méjì péré ló wà láàárín wa. Ṣùgbọ́n o mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí nílé yìí. Bí o bá dé, ìyá rẹ á máa bu oúnjẹ, àwọn àbúrò rẹ á máa fi Hausa dá àpárá, ìwọ náà á bọ́ sí i. Bí mo bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ gidi, ẹ̀yin ọmọ tí a bí sí Kàdúná á fi gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ náà á di ẹ̀rín, á sì parí síbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́, èdè Yorùbá ni mo sì fi kọ ọ́, èmi tí mo fi iṣẹ́ olùkọ́ gẹ̀ẹ́sì tọ́ gbogbo yín dàgbà. Bí ó bá ṣòro láti kà, ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mejì.

Má jáyà. Kò sí àìsàn, kò sí òkú. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ kò lè dúró di Sọ́ńdè. Múfútáù, ọkọ rẹ, wá síbí lánàá. Ilé-iṣẹ́ wọn ní kí ó lọ sí Gúsáù fún ọdún méjì, kí ó lọ máa bójú tó àwọn ẹ̀rọ ìhunṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá síbẹ̀. Wọ́n ní ó lè gbà, ó sì lè kọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀la, ọjọ́ Jímọ̀, ni kí ó wá fèsì. Ó fẹ́ gbà. Òun nìkan ni ó sì fẹ́ dá lọ. Ohun tó ń lé e lọ ni mo fi ń kọ̀wé sí ọ, mo sì ní láti ti ọ̀nà jíjìn díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé lọ́dọ̀ mi ni o ti kọ́ ọ.

Jẹ́ kí n rán ọ létí Sọ́ńdè tó kọjá, torí ó dá mi lójú pé o ti gbàgbé. Ẹ wá jẹun, ìwọ àti Múfútáù. Màlámù Sání, aládùúgbò wa tí èmi àti ẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìyá rẹ bi ọ́ léèrè ní Yorùbá, ó ní, "Sìdíkátù, ilé ńkọ́?" Ìbéèrè lásán ni. "A dúpẹ́" ni èsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n o kọjú sí Màlámù Sání, o ju ọwọ́ sókè, o ní, "My husband is so boring! Wallahi, painfully boring. Ask him what we did yesterday. Deadly dull!"

Màlámù Sání fọwọ́ lu tábìlì, ó ní, "Kai, yarinyar nan!" pé ọmọbìnrin yìí mà ga o. Àwọn àbúrò rẹ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má purọ́, torí pé ẹnu rẹ dùn, ó sì ti ń wú mi lórí láti kékeré rẹ. Ìyá rẹ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, mo sì rò pé torí pé kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì ni. Múfútáù ń yọ egungun lára ẹja rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò gbójú sókè, ó ń yọ egungun rẹ̀ lọ. Nígbà tó yọ ọ́ tán, ó gbé ẹja náà sínú àwo rẹ. O jẹ ẹ́. O ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

N kò bínú sí ọ, Àdùkẹ́. Bí mo bá fẹ́ bínú ni, ǹ bá ti wá fúnra mi, o mọ̀ pé n kì í fi ìbínú kọ̀wé. Ìmọ̀ràn ni mo fẹ́ fún ọ, irú èyí tí bàbá mi ìbá fún mi bí ó bá mọ̀wé.

Èkíní, ṣọ́ra fún àwọn ọ̀rọ̀ tí ń gbé ọ̀rọ̀ ga. Nínú ìwé gírámà Yorùbá, ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni wọ́n ń pè wọ́n, "very" àti "extremely" àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. N kò mọ ẹni tí wọ́n ń pọ́n lé. Kí n tó di olùkọ́, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Kàdúná fún ilé-ẹ̀kọ́ tíṣà, mo kọ̀wé sí bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá mi kò mọ A, kò mọ B, ṣùgbọ́n gẹ̀ẹ́sì ni mo kọ sí i, kí gbogbo agboolé lè mọ̀ pé ọmọ ti di nǹkan. Lọ́sàn-án Sátidé kan ni. Òjò ń rọ̀, bọ́ọ̀lù tí a fẹ́ gbá kò ṣeé gbá, kò sí ohun tí mo lè ṣe. "The day is dull" ìbá ti tó. Ṣùgbọ́n mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá, ẹnu ń yún mi. Mo kọ ọ́ pé ìlú yìí "extremely dull", pé ayé mi níbí "utterly dull".

Akọ̀wé kan ní àdúgbò wa ló máa ń bá bàbá mi ka lẹ́tà. Nígbà tí ó dé ibi "utterly", ó ronú, ó tún ronú, ó wá sọ fún wọn pé, "Ọmọ yín ní ayé sú òun pátápátá." O lè má mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nílé, ìwọ tí o dàgbà síbí. Ẹni tó bá ní ayé sú òun, okùn ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, májèlé ni wọ́n ń gbé pamọ́ fún un. Àkókò ebè kíkọ ni. Bàbá mi fi ọkọ́ sílẹ̀ lóko, wọ́n lọ wọ rélùwéè ní Ọ̀fà, wọ́n dé Kàdúná láìgbọ́ Hausa kan ju "sannu" lọ. Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n ti bá mi, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi, a ń jẹ súyà, òróró ń dán létè mi, ẹ̀rín mi ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbọ́.

Wọ́n jókòó sílẹ̀. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Ayé kò sú ọ?"

Mo ní, "Rárá, Baba."

"Kí lo wá kọ sí mi?"

"Gẹ̀ẹ́sì ni, Baba. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn."

Wọ́n wò mí títí, mo rò pé wọ́n fẹ́ gbá mi létí. Wọ́n ní, "Gẹ̀ẹ́sì. Òun ló gbé mi wá sí Kàdúná." Wọ́n wá na ọwọ́ sí súyà náà, torí pé ebi ń pa wọ́n. Títí wọ́n fi kú, bí mo bá ní nǹkan dùn púpọ̀ tàbí ó burú púpọ̀, wọ́n á ní kí n kọ́kọ́ yọ ti gẹ̀ẹ́sì kúrò níbẹ̀, kí n wá sọ iye tó kù.

O rò pé mo gbọ́n lẹ́yìn ìyẹn? N kò gbọ́n. Èkejì tí mo fẹ́ sọ nìyẹn.

Ṣé o rántí eré tí a máa ń ṣe lórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà wa? Lásìkò ọyẹ́, lẹ́yìn ìrun Àsárì, tí NEPA bá ti mú iná lọ tí ilé wá dákẹ́, èmi á jókòó sórí àga, ẹ̀yin ọmọ á dúró sílẹ̀. Mo máa ń ní, "The afternoon is dull." Ọmọ tó bá rí ọ̀rọ̀ tó gbé e ga ju bẹ́ẹ̀ lọ á gun àtẹ̀gùn kan. Àbúrò rẹ á ní, "Very dull," á gùn. Ìwọ á ní, "Extremely dull." Ẹlòmíràn á ní, "Dreadfully dull." Àtẹ̀gùn mẹ́rin náà ni gbogbo rẹ̀, wọ́n á sì tán. Ní ọjọ́ kan tí àtẹ̀gùn tán, o fò sórí dọ́rọ́ọ̀mù omi, o kígbe pé, "Deadly dull, Baba! Kò sí ẹni tó lè gun ibi tí ikú wà!" Inú mi dùn débi pé ìwọ nìkan ni mo kó gbogbo kúlíkúlí tí mo fi ṣe ẹ̀bùn eré náà fún, àwọn àbúrò rẹ sì sunkún. Mo kọ́ ọ láti gun òkè, Àdùkẹ́. N kò rántí kọ́ ọ bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

Ẹni tó bá ti lo "deadly" fún Sátidé tí ọkọ rẹ̀ fi sùn lórí àga, kí ni yóò lò ní ọjọ́ tí nǹkan bá burú ní tòótọ́? Yóò wá ọ̀rọ̀, kò ní rí. Bí ẹni tó da gbogbo ata sínú ọbẹ̀ àárọ̀ ni. Nítorí náà, bí nǹkan bá "dull", jẹ́ kí ó jẹ́ "dull" lásán. Bí ó bá pọ̀, "rather dull". "Very" wà fún ọjọ́ tí ó bá pọ̀ jù. Tọ́jú àwọn tó kù.

Wò ó, èdè tiwa kò fún wa láàyè yẹn rárá. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ẹnìkejì tirẹ̀. Pupa ni í jẹ́ fòò, funfun ni í jẹ́ báláú, omi ni í tutù nini, iná ni í gbóná janjan. O kò lè mú "báláú" lọ fi fún pupa, àwọn ọmọdé pàápàá á fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yin ń mú ìrora, ẹ ń mú ikú, ẹ ń mú ìbẹ̀rù, ẹ ń fi wọ́n sí iwájú ohunkóhun. Bí nǹkan bá sì sú Yorùbá, ohun tó ń sọ ni pé, "Ó sú mi." Ara rẹ̀ ni ó ń sọ. Kò sọ pé ẹni yẹn ni kò dára.

Èyí tí mo sì fẹ́ kí o rò dáadáa ni pé o kò jẹ́ sọ ọ̀rọ̀ Sọ́ńdè yẹn ní Yorùbá láé. Kí o dojú kọ àlejò níwájú bàbá àti ìyá rẹ, kí o ní, "Ọkọ mi sú mi, ó sú mi débi ìrora, ó sú mi bí ikú"? Ẹnu rẹ á kọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀yin ọmọ wa ìlú yìí fi ń sọ ohun tí ojú ń ti yín láti fi Yorùbá sọ. Ẹ rò pé kò sí ẹni tó ni gẹ̀ẹ́sì nínú ilé, nítorí náà kò sí ẹni tó lè fara gbọgbẹ́ níbẹ̀. Èmi ló yẹ kí n ti rí èyí tipẹ́, torí èmi ni mo ń fi kúlíkúlí sanwó rẹ̀.

Ẹ̀kẹta jẹ mọ́ iṣẹ́ rẹ, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ní ìparí táàmù, wọ́n á ní kí o kọ ọ̀rọ̀ sí ìwé èsì ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìwọ náà mọ̀ pé ní orílẹ̀-èdè wa, olódo ni "dull" túmọ̀ sí bí tíṣà bá kọ ọ́. Má kọ ọ́ sí ọmọ kankan lára. Bí ọ̀gá yín bá ní kí o kọ ọ́, má fi ohunkóhun ṣáájú rẹ̀. Ọmọ kan á mú ìwé yẹn délé, bàbá rẹ̀ tí kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì á pe ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀, ìwọ kò sì ní sí níbẹ̀.

Ó tó. N kò ní ka nọ́ńbà mọ́, ọ̀rọ̀ tó kù kò gba nọ́ńbà.

Lánàá, ní Àlàrùbá, lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ wọn ní Kakuri ti jáde, mo rí Múfútáù tó ń bọ̀, ó gbé ọsàn dání nínú ọ̀rá, òróró ẹ̀rọ sì wà ní apá ẹ̀wù rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Ìyá rẹ ní kí ó jẹun, ó ní òun ti jẹun, n kò sì gbà á gbọ́. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, kò gbà láti jókòó sórí àga. Nígbà tó yá, ó ní, "Baba, ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan ni mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ yín, torí pé ẹ̀yin lẹ mọ gẹ̀ẹ́sì dáadáa. 'Boring', mo mọ̀ ọ́n. 'Very boring', mo mọ̀ ọ́n. 'Painfully boring' ńkọ́? Ṣé ó ju 'very' lọ ni?"

Àdùkẹ́, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ènìyàn ní gẹ̀ẹ́sì, kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè tí ó nira tó ìyẹn. Inú mi tilẹ̀ kọ́kọ́ dùn, kí n sọ òótọ́ fún ọ, bí inú olùkọ́ ṣe máa ń dùn. Mo fi àtẹ̀gùn tí ó jókòó lé ṣàlàyé fún un, bí mo ti ń ṣe fún yín. Mo ní, "Ìsàlẹ̀ ni 'a bit boring'. Èyí tó tẹ̀ lé e ni 'rather'. Èyí tí o jókòó lé ni 'very'. Òkè yẹn ni 'extremely'."

Ó bojú wẹ̀yìn, ó wo òkè. Ó ní, "Àtẹ̀gùn yín ti tán, Baba. 'Painfully' ńkọ́?"

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ibi tí mo bá ara mi. Mo ní, "Àsọdùn ni, ọmọ mi. Àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ń kà á sí."

Ó mi orí. Ó ní, "Àsọdùn ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n bí ò nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú." Ó ń fi èékánná họ òróró apá ẹ̀wù rẹ̀. "'Painfully' yẹn, Baba. Tí ó bá ń dunni, ta ni ó ń dùn? Ṣé òun ni, àbí èmi?"

Kò dúró de èsì mi. Ibẹ̀ ni ó ti sọ ọ̀rọ̀ Gúsáù fún mi, wẹ́rẹ́ báyìí, bí ẹni tí ń sọ iye tí wọ́n ń ta ọsàn. Ó ní bí òun bá lọ fún ọdún méjì, ara lè tù ọ́. Ó ní o ti sọ ọ́ fún òun lọ́nà àwàdà nílé, ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, òun kò kà á sí, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti lè sọ ọ́ níwájú bàbá àti ìyá rẹ̀, kì í ṣe àwàdà mọ́. Kò fẹjọ́ rẹ sùn. Ó ní iṣẹ́ rẹ ní Malali dára, kí o máa gbé Mando lọ, pé òun á máa wálé lóṣooṣù. Ó kí mi, ó kí ìyá rẹ, ó lọ wọ bọ́ọ̀sì. Kò ní kí n má sọ fún ọ. Kò sì ní kí n sọ. Èmi ni mo pinnu.

Lẹ́yìn tó lọ, inú mi kò dùn. Mo lọ bá ìyá rẹ níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo ní, "Ìyá Sìdí, ǹjẹ́ mo ti sú ọ rí?"

Kò gbé ojú kúrò lára ẹ̀wà. Ó ní, "Lọ́pọ̀ ìgbà."

"Nígbà wo?"

"Nígbà tí ẹ bá ń ka gẹ̀ẹ́sì sí mi létí. Nígbà tí ẹ bá ń ro ẹjọ́ àwọn tíṣà ẹgbẹ́ yín fún mi. Irú ìsinsìnyí náà, tí ẹ dúró lé mi lórí."

Mo ní, "Ta lo wá ń sọ fún?"

Ó wá wò mí. Ó ní, "Ta ni kí n sọ fún, tí kì í bá ṣe ẹ̀yin? Ṣebí mo máa ń sọ pé, 'Bàbá Sìdí, ó tó, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, ẹ sọ òmíràn'? Ẹ̀yin náà á sì sọ òmíràn." Ó tún dojú kọ ẹ̀wà rẹ̀. "Mi ò gbọ́ ohun tí Sìdíkátù sọ ní Sọ́ńdè. Ṣùgbọ́n mo rí ojú ọkọ rẹ̀."

Gbogbo ìwé tí mo kà, Àdùkẹ́, kò sí èyí tó kọ́ mi ní ohun tí ìyá rẹ sọ yẹn. Ọkọ ń súni. Ìyàwó ń súni. Ẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Ibi tí a bá gbé e lọ sọ ni ó ń ba nǹkan jẹ́. Èyí tó yẹ kí Múfútáù nìkan gbọ́ ni o gbé lé tábìlì fún Màlámù Sání.

Má rò pé ọkọ rẹ nìkan ni mo ń gbè lẹ́yìn. Mo mọ̀ pé ó ṣòro. O ti inú ilé aláriwo lọ bá ọkùnrin tó lè jókòó láti Àsárì di Ìṣáí láìsọ ju pé kí o bá òun gbé omi. Mando jìnnà sí gbogbo ẹni tí o mọ̀. Mo gbà pé ó ń sú ọ, mo sì gbà pé lẹ́yìn ẹ̀rín rẹ ní Sọ́ńdè, nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ẹ̀rín. Ó yẹ kí èmi bàbá rẹ ti bi ọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, Múfútáù kì í ṣe ẹni tí í mú àwùjọ lórí yá. Jẹ́ ká sọ òótọ́. Ní ọjọ́ Iléyá, ó jókòó tì mí, ó ń ṣàlàyé ìdí tí òwú fi máa ń já lórí ẹ̀rọ wọn nígbà ọyẹ́. Ó ní afẹ́fẹ́ ló máa ń gbẹ jù, pé bí òwú bá ti gbẹ, kò ní agbára mọ́, pé ńṣe ni wọ́n ń fọ́n omi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kí ó má baà já. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni mo gbọ́. Oorun gbé mi lọ. Nígbà tí mo lajú, ó ṣì ń sọ̀rọ̀ òwú, ṣùgbọ́n ó ti fi fìlà mi bò mí lójú nítorí eṣinṣin. "Rather boring" ni mo fún un lọ́jọ́ yẹn, n kò sì ní yí i padà. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ fún un ní yàrá ní Kakuri, ó kọ̀ ọ́, ó lọ gba ilé ní Mando kí o lè súnmọ́ ibi iṣẹ́ rẹ. Láràárọ̀ ni ó ń la gbogbo Kàdúná já kọjá odò lọ síbi iṣẹ́, tí ó sì ń là á já padà. Ó yẹ kí ó rẹ ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ débi tí kò fi ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe kò pọ̀. Bí o bá fẹ́ kí ó lọ sí Gúsáù, sọ fún un pé kí ó lọ, n kò ní bínú, ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ ni ilé yín. Bí o kò bá sì fẹ́, má jẹ́ kí ó lọ nítorí ọ̀rọ̀ tí o fi dá àlejò lára yá. Àwọn ọ̀rọ̀ ńlá yẹn, fi wọ́n sílẹ̀ sí Malali fún àwọn ọmọ iléèwé rẹ. Sọ ọ́ fún un bí ìyá rẹ ṣe ń sọ ọ́ fún mi: ilé yìí ń dákẹ́ jù, ó ń sú mi, bá mi sọ̀rọ̀. Bí òwú ni ó bá fẹ́ sọ, bi í léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe sí èyí tó ti já, torí pé èmi sùn lọ kí ó tó dé ibẹ̀.

Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Mo ti lo òsì tán. Ọ̀tún mi nìyí: kò sí ọmọ tí ẹnu rẹ̀ dùn mọ́ mi tó tìrẹ nínú ayé yìí, mo sì tún fẹ́ máa gbọ́ ọ nílé mi, ìwọ àti ọkọ rẹ, ní gbogbo Sọ́ńdè. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ilé yín gbẹ. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n sọ fún ọ pé òun bá ọ di ẹja gbígbẹ sínú ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ Màlámù Sání.

Fi ṣe ọbẹ̀ ìrọ̀lẹ́ òní. Nígbà tí ẹ bá jókòó, Múfútáù á yọ egungun lára tirẹ̀, á sì gbé e sínú àwo rẹ, torí pé bí ó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ì báà tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti di ẹrù Gúsáù. Ó bi mí pé, 'painfully' yẹn, ta ni ó ń dùn, n kò sì mọ èsì rẹ̀. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Kí o tó jẹ ẹja náà, dá a lóhùn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ, tí kò sì fi nǹkan kan ṣáájú ìfẹ́ náà.